Fìlà Pupa Tí Àṣàkẹ́ Jù Sórí Yìnyín

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Castle Hill, ní Bronx ní New York, ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ bí kò bá pọn dandan. Bí mo bá wá jókòó tí mo kọ ìwé tó gùn tó báyìí, ẹ ti mọ̀ pé ojú mi rí nǹkan.

N kì í mutí. Mi ò sùn lórí àga lọ́jọ́ náà. Ojú mi kò ní àrùn kankan, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù tó ṣáájú. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà wá àlàyé kiri fún mi. Ohun tí wọ́n fi dẹ́rù bà wá láti kékeré ni pé òru ni irú nǹkan báyìí ń fẹ́. Irọ́ ni. Ọ̀sán gangan ni tèmi, iná tàn yòò, ènìyàn sì kún ilé eré ńlá kan dé abẹ́ òrùlé.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ni. Àṣàkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì tó ti kú, rọpárọsẹ̀ ló ṣubú lù ú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, mò ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ìdọ̀tí lọ sí yàrá ìfọṣọ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mi ò bá a láyè. Gbólóhùn kan mi ò rí bá a sọ. Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sórí pósí rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń bá mi lọ: mo rí i tí wọ́n sin ín.

Ẹ ó bi mí pé kí ló gbé ọmọ Ṣakí dé ìdí họ́kì. Àṣàkẹ́ náà ni. Bàbá arúgbó òyìnbó kan ló ń tọ́jú ní University Heights fún ọdún mẹ́fà. Bàbá náà kò lè rìn mọ́, ṣùgbọ́n bí họ́kì bá ti wà lórí tẹlifíṣàn, ẹ ò ní mọ̀. Á máa pariwo, á máa fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Ìyàwó mi jókòó tì í títí òun náà fi kó àrùn ọ̀hún. Bó bá dé ilé, àlàyé ni yóò máa ṣe fún mi: ènìyàn mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bàtà abẹ lẹ́sẹ̀, igi tó tẹ̀ lórí lọ́wọ́, wọ́n ń lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri orí yìnyín. Ẹni tó bá ṣẹ̀, wọ́n á lọ tì í mọ́ inú yàrá gíláàsì kékeré fún ìṣẹ́jú méjì.

“Bàbá Mọ́yọ̀, ẹ wá wò ó!” ni yóò máa pè mí láti pálọ̀. “Àgbàlagbà onírùngbọ̀n! Wọ́n ní kó lọ jókòó síbẹ̀ kó ronú ìwà ẹ̀. Ẹ wo bó ṣe fajú ro bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ ẹ̀.”

Rọ́bà yẹn ló kọ́kọ́ wù mí. Kí n tó dé Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi lẹ táyà ní Ṣakí. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì níbí, Àṣàkẹ́ ló sì tì mí lọ. Ohun tí mo mọ̀ dájú láyé kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ rọ́bà. Wọ́n máa ń fi rọ́bà náà sínú fírísà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà máa ta kiri. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo ní àwọn wọ̀nyí mọ iṣẹ́ wọn.

Nǹkan kan wà tí bàbá arúgbó náà sọ tí kò kúrò lọ́kàn ìyàwó mi. Bí eléré kan ṣoṣo bá gbá gọ́ọ̀lù mẹ́ta wọlé nínú eré kan, gbogbo òǹwòran á ṣí fìlà, wọ́n á jù ú sórí yìnyín. Eré á dúró. Wọ́n á wá fi ṣọ́bìrì kó fìlà bí ẹni kó ewé. Bàbá náà tún sọ fún un pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń pariwo tirẹ̀, pé kó lọ gbọ́ wọn kó tó dàgbà jù.

Àṣàkẹ́ fi báírò pupa kọ orúkọ ìlú mẹ́rin sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì: Philadelphia, Boston, Pittsburgh, Buffalo. Ó jókòó, ó fọwọ́ ara rẹ̀ hun fìlà òwú pupa kan. Òtútù Bronx ìbáà pa á, kò jẹ́ dé e.

“Ti jíjù ni,” ni yóò wí. “Fìlà tí a fẹ́ jù, a kì í dé e.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta la jọ lọ wo eré ní New York níbí. Lẹ́ẹ̀kan, eléré kan gbá méjì wọlé. Àṣàkẹ́ dìde dúró, ó di fìlà mú ní gbogbo àkókò tó kù. Ẹ̀kẹta kò wọlé. Ó gbé fìlà rẹ̀ padà wálé, kò bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin títí a fi dé Castle Hill, bíi pé èmi ni mo ṣọ́ ilé gọ́ọ̀lù.

Kò dé ìkankan nínú ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó lọ.

Nígbà tí ọdún kan yí po, mo fi fìlà náà sápò kóòtù, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Philadelphia. Èmi nìkan. Mo fẹ́ bá a jù ú ni. Mo búra pé ohun tí mò ń wá kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni. Ìdá mẹ́ta ni wọ́n pín eré náà sí. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró fún ìsinmi àkọ́kọ́, mo jáde lọ wá ohun gbígbóná mu. Èrò pọ̀ níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta tíì. Mo bá rí ẹ̀yìn obìnrin kan níwájú. Kóòtù àlùkò. Ó ń fa ẹsẹ̀ òsì díẹ̀ bó ṣe ń rìn, bí ti ẹni tó ti ṣubú lórí yìnyín rí. Àṣàkẹ́ ṣubú bẹ́ẹ̀ ní iwájú ilé wa, ẹsẹ̀ náà kò padà bọ̀ sípò pátápátá. Kóòtù Àṣàkẹ́ gan-an sì ni, èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé fún àwọn tó ń kó aṣọ fún aláìní ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn tí a sin ín.

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò ronú. Mo lanu.

“Àṣàkẹ́!”

Ó dúró. Kò yíjú padà. Èjìká rẹ̀ gbọ̀n bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Ìdílé kan gba àárín wa kọjá, ìyá, bàbá àti àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa kọjá tán, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

Mo sáré yí ilé náà po. Mi ò rí ìdá kejì eré náà rárá. Nígbà tí ó rẹ̀ mí, mo padà síbi tíì. Ife kan ṣì dá dúró lórí káńtà.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ mọ màmá tó ní tíì yìí?” ni ọmọbìnrin tó ń tà á bi mí. “Ó ní kí n fi ṣúgà mẹ́rin sí i, ó bá gbàgbé ẹ̀ síbí.”

Ṣúgà mẹ́rin. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi jà pẹ̀lú ìyàwó mi lórí ṣúgà mẹ́rin.

Mo gbé ife náà. Mo gbé e dání títí dé inú bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí mo dé ilé, mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ṣakí. Òun ló tọ́ mi dàgbà, n kì í pa nǹkan mọ́ fún un. Ó gbọ́ mi títí mo fi sọ ọ́ tán.

“Ṣé o pè é?” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

“Mo pè é, Sìstá.”

“O pè é lórúkọ?”

“Oríkì rẹ̀ ni mo pè.”

Ó pariwo débi pé mo gbé fóònù kúrò létí. “Ọlọ́run ò! Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i! Ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò yẹ kó lanu, ọjọ́ yẹn ló wá là á bí ilẹ̀kùn ọgbà!”

Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ nípa àkúdàáyà: pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé á máa gbé ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, pé bí ojúlùmọ̀ bá rí i tó sì pè é, ó di dandan kó kúrò níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ bí ìtàn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mi ò mọ̀ pé ó kan Philadelphia.

“Bí o bá tún rí i,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, “jókòó jẹ́ẹ́. Má pè é. Má béèrè ohunkóhun. Má wò ó lójú. Bó bá rí i pé o ò fẹ́ dá òun padà, ó lè dúró tì ọ́ díẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mò ń wá ti di méjì. Mo fẹ́ ju fìlà. Mo sì fẹ́ kí Àṣàkẹ́ jókòó tì mí, kó rí i pẹ̀lú ojú rẹ̀, kí n má sì fi ẹnu mi lé e lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo lọ sí Boston. Ariwo wọn dà bí ẹni ń lu páànù. Mi ò rí i. Mo lọ sí Pittsburgh, wọ́n fi gọ́ọ̀lù rẹpẹtẹ na ẹ̀gbẹ́ àlejò, kò sí ẹni tó gbá ju ẹyọ kan lọ nínú wọn. Mi ò rí i. Ó wá ku Buffalo.

Mo dé Buffalo lọ́jọ́ Jímọ̀, mo sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ kejì, eré bẹ̀rẹ̀ ní aago kan ọ̀sán. Yìnyín ń rọ̀ níta bí òwú tí wọ́n gbọ̀n. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan jókòó sí ìparí ìlà wa, àga tó wà lápá òsì mi sì ṣófo. Àwọn àga náà máa ń ká sókè fúnra wọn bí ẹnikẹ́ni kò bá jókòó lé wọn. Ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn.

Eléré kan wà nínú ẹ̀gbẹ́ onílé, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa bí iyanrìn Ṣakí. Ó gbá ẹyọ kan wọlé ní ìdá kìn-ín-ní. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́ títí ìdá kejì fi parí. Ọkọ̀ tó ń tún yìnyín ṣe yí po lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdá kẹta bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ òórùn òrí àti káńfọ̀.

Ohun tí Àṣàkẹ́ ń pò pọ̀ nìyẹn tó fi ń ra orúnkún òsì. Ta ló ń pa òrí ní Buffalo?

Mo gbọ́ tí ọkùnrin fìrìgbọ̀n náà ní, “Ẹ má bínú, màámi.” Mo rí i tó kó ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra kí ẹnìkan lè kọjá. Ẹsẹ̀ kan ń fà nílẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Àga òsì mi dún, ó wálẹ̀.

Mi ò yíjú. Mo tẹjú mọ́ rọ́bà dúdú yẹn bí ẹni tí wọ́n háyà láti máa ṣọ́ ọ.

Ẹ ó rò pé òtútù ló mú mi. Rárá o. Inú ilé náà ló tutù. Ara rẹ̀ gbóná bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí ààrò dìde. Láti igun ojú, mo rí ọwọ́ kan lórí orúnkún, ìka mẹ́rin ń ta lórí aṣọ bó ṣe máa ń ṣe bí eré bá le. Èékánná ìka kékeré dúdú. Ilẹ̀kùn yàrá ìdáná wa ló há a, lójú mi.

Orúkọ rẹ̀ gòkè wá sí ọ̀fun mi. Mo gbé e mì. Ó tún gòkè wá. Mo ge ahọ́n mi jẹ títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò.

Nígbà tí mò ń lẹ táyà, bí awakọ̀ bá dé tí ìṣó gún táyà rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún un ni pé kó má yọ ìṣó náà. Ìṣó yẹn ló dí ihò. Bó bá fà á yọ kí iṣẹ́ tó dé ọwọ́ mi, afẹ́fẹ́ á tán, ọkọ̀ á jókòó. Mo sọ fún ara mi nínú: fi ìṣó sílẹ̀. Fi í síbẹ̀ báyẹn.

Mo jókòó jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà, èmi àti ìyàwó mi, à ń wo họ́kì.

“Ẹ ò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ síbẹ̀,” ni ohùn kan wí lẹ́bàá etí mi, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

Omi bọ́ lójú mi. Mi ò nù ún. Mi ò dáhùn.

Onírùngbọ̀n pupa gba rọ́bà láàárín, ó sáré kọjá ènìyàn méjì, ó gbá a wọlé. Méjì! Ilé mì tìtì. Ìka mẹ́rin náà dá iṣẹ́ dúró.

“Ó ku ọ̀kan,” ni ó wí.

Ẹ gbọ́, mi ò mọ bí ìṣẹ́jú tó kù ṣe lọ. Mo mọ̀ pé wọ́n ti onírùngbọ̀n mọ́ yàrá gíláàsì fún ìṣẹ́jú méjì, mo sì gbọ́ tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pòṣé. Mo mọ̀ pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, ó jáde bí ajá ọdẹ. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó kù. Wọ́n taari rẹ̀, ó ń ṣubú lọ. Níbi tó ti ń ṣubú ló ti na igi ọwọ́ rẹ̀. Rọ́bà dúdú kọlu òpó, gbàà! Ó wọlé.

Kò sí bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe ariwo Buffalo fún yín. Bàbá arúgbó yẹn kò purọ́. Ariwo náà gba inú àyà wọlé. Fìlà bẹ̀rẹ̀ sí í fò lókè, dúdú, aró, funfun, bí ẹyẹ ẹ̀ga tó tú lórí igi.

Ọwọ́ kan nà síwájú mi, àtẹ́lẹwọ́ lókè. Kò béèrè. Bó ṣe máa ń na ọwọ́ fún iyọ̀ nìyẹn, bó bá ń dáná.

Mo fi fìlà pupa náà sí i lọ́wọ́. Ìka wa kanra. Ó ṣe mí bíi pé mo wá bá a láyè láàárọ̀ ọjọ́ tó kú.

Ó dìde. Ó jù ú bí ẹni ń ju òkò sí ẹyẹ nínú oko ìrẹsì, pẹ̀lú gbogbo apá. Fìlà náà kọjá lórí àwọn tó wà níwájú, ó kọjá lórí gíláàsì, ó lọ balẹ̀ sórí yìnyín lẹ́bàá ilé gọ́ọ̀lù gan-an. Ẹyọ pupa kan ṣoṣo láàárín wọn. Mo rí i. Mo rí i dájú!

Mo dìde, mo sì ké. Èmi! Mo ké títí ohùn mi fi há. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú igbe náà, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ayọ̀ lásán ni.

Nínú ariwo náà, ẹnu kan súnmọ́ etí mi. “Washington ńkọ́?”

Nígbà tí mo yíjú, àga òsì mi ń ká lọ sókè díẹ̀díẹ̀.

Ọkùnrin fìrìgbọ̀n náà ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ọ̀ọ́kán. “Apá ìyàwó yín le o!”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni mo wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Mo padà sí Castle Hill bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Mo ń fi súfèé kọrin nínú bọ́ọ̀sì, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ awakọ̀. Mo dáná fúnra mi. Mo fi ṣúgà mẹ́rin sínú tíì mi, mo mu ún tán.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ mi Mọ́yọ̀ wọlé. Nọ́ọ̀sì ni, ìlú yìí la bí i sí. Kò tíì bọ́ bàtà tó ti na fóònù sí mi.

“Dádì, ẹ wà lórí tẹlifíṣàn! Ọ̀rẹ́ mi ló fi ránṣẹ́. Ẹ wo ẹnu yín! Mi ò mọ̀ pé ẹ ní eyín tó pọ̀ tó báyìí.”

Mo wò ó. Èmi náà nìyẹn, ẹnu mi là sílẹ̀ gbàgàdà. Lápá òsì mi, obìnrin kan dúró, apá tó gbé sókè bo ojú rẹ̀.

“Ta nìyẹn?” Mọ́yọ̀ ń rẹ́rìn-ín. “Dádì, ṣé ẹ ti rí ẹlòmíràn ni? Mi ò bínú o. Ẹ sọ fún mi.”

“Eré la jọ lọ wò,” ni mo wí.

Ó fi ìka fa àwòrán náà tóbi. Ẹ̀rín rẹ̀ dákẹ́. “Kóòtù Mọ́mì nìyẹn.”

“Kóòtù pọ̀ láyé.”

“Dádì, ẹ wò mí lójú.”

Mi ò lè wò ó. Ó jókòó, ó tún àwòrán náà wò. Nígbà tó dìde, ó ní ìlú wo ló kàn. Ẹnu mi yọ̀, mo ní Washington. Kó tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ti fi fóònù ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó pè mí láti ìsàlẹ̀ pé òun rí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Apá ọ̀tún. Èyí tó wà lápá òsì ṣì ṣófo, ó ní kò sí ẹni tó tíì rà á.

Yorùbá ni mo fi kọ èyí nítorí pé Mọ́yọ̀ ń gbọ́ ọ, kò lè kà á. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa lọ. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta láti sọ fún un pé kó má pè é, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Dídákẹ́ ni mo fi borí ní Buffalo. Ọmọ tó ń sunkún ìyá rẹ̀ láti ọdún méjì, bó bá gbọ́ òórùn òrí àti káńfọ̀ yẹn, ṣé yóò lè gbé “Mọ́mì” mì? Mi ò mọ̀. Mo sì ti ra òwú pupa, mo fún obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì kó bá mi hun òmíràn.

Ẹ̀yin náà tí ẹ ń rìn kiri ìlú onílùú, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá rí ẹni tí ẹ fọwọ́ ara yín da erùpẹ̀ bò, ẹ má pè é o. Ẹ má sáré tẹ̀ lé e. Ẹ kó ẹsẹ̀ mọ́ra kó rí ọ̀nà kọjá, kí ẹ sì máa wo eré yín lọ.